Obìnrin Tí Kò Kúnlẹ̀ Nínú Sinimá

Ó ti pẹ́ tí Morónfólú ti ń ṣe Àwẹ̀ró lórí ìtàgé kí àwọn oní-sinimá tó wọ Ọ̀tà láyé ìjọba òyìnbó. Àwẹ̀ró ni ìyàwó tí ọkọ lé jáde torí pé kò bímọ, nínú eré tí Ògúndèyí, ọ̀gá ẹgbẹ́ wọn, fọwọ́ ara rẹ̀ kọ. Bí ọkọ bá ti nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà báyìí, Àwẹ̀ró á kúnlẹ̀, á kọrin ẹkún, àwọn èrò ìwòran á sì bá a sunkún. Fàtímọ̀ aláró, tó máa ń jókòó níwájú, á fi ìborùn nu ojú títí eré yóò fi parí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tí òyìnbó oní-sinimá gbé wá láti fi ya eré náà kì í gba ohùn. Rùfáì, ògbufọ̀ rẹ̀, ló ṣàlàyé fún wọn ní àgbàlá Ògúndèyí.

"Orin wa ńkọ́?" Morónfólú bèèrè.

"Kò ní sí orin, àǹtí. Ohun tí ojú bá rí nìkan ni."

Morónfólú kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀rọ náà, ó ń lanu, ó ń gbọnrí. Òyìnbó ní ṣe ló dà bí ẹni tí eyín ń dùn. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára. Bí wọ́n bá yọ orin kúrò lára Àwẹ̀ró, kí ló kù? Ó rántí àbúrò ìyá rẹ̀ kan ní Adó-Odò, tí ọkọ kọ̀ sílẹ̀. Obìnrin náà kò sunkún lójú ẹnikẹ́ni. Ó gbálẹ̀ ilé, ó di ẹrù, ó bá tiẹ̀ lọ.

Nígbà tí wọ́n tún un ṣe, tí ọkọ nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà, Morónfólú mú ìgbálẹ̀. Ó gbá iyàrá náà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó di aṣọ rẹ̀, ó gbé e rù. Ó wo ọkọ títí ìyẹn fi gbójú sílẹ̀, ó sì jáde.

Ògúndèyí fò dìde. "Ta ló ní kí o ṣe bẹ́ẹ̀? Àwẹ̀ró mi kọ́ nìyẹn!"

"Ẹ máà bínú, ọ̀gá. Wọ́n ti gba ohùn lẹ́nu ẹ̀. Ẹ jẹ́ kó lo ẹsẹ̀."

Rùfáì túmọ̀ rẹ̀. Òyìnbó ní bẹ́ẹ̀ gan-an ni kí wọ́n fi í sílẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Ògúndèyí ti ń dáhùn ìkíni Morónfólú láìwojú rẹ̀.

Lẹ́yìn ìgbà òjò ni wọ́n gbé sinimá náà padà wá, wọ́n ta aṣọ funfun sí pápá ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí Àwẹ̀ró gbẹ́rù jáde, ẹnikẹ́ni ò sunkún. Morónfólú bojú wẹ̀yìn wo àwọn èrò ìwòran.

"Kò tilẹ̀ bẹ̀ ẹ́!" Fàtímọ̀ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Ìgbéraga ni," ọkùnrin kan dáhùn.

"Ìgbéraga kẹ̀? Ṣé òun ló ní kí Ọlọ́run má fún òun lọ́mọ?"

Àríyànjiyàn náà bá wọn délé. Ògúndèyí dúró ní pápá, ó ń tẹ́tí sí wọn bí wọ́n ti ń lọ. Àánú Àwẹ̀ró máa ń ṣe wọ́n tẹ́lẹ̀ ni; kò sẹ́ni tó jiyàn lé e lórí rí. Ó wá bá Morónfólú lábẹ́ igi kan létí pápá.

"Nígbà tó jáde yẹn, ibo ló ń lọ? Èmi tí mo kọ ọ́, n kò ronú dé ibẹ̀ rí."

"Èmi náà ò mọ̀, ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká jọ rò ó."

Nígbà tí ọyẹ́ dé, apá tuntun ti wọ inú eré náà, níbi tí Àwẹ̀ró ti ń ta epo nílùú mìíràn, tí ọkọ wá a dé ibẹ̀. Àwọn méjèèjì ló jọ ṣe é, wọ́n sì jà lé e lórí dáadáa kó tó gún.