Ìlà Méje

Ìka Akọ̀wé dúró lórí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí ojú ìwé adájọ́, ó tún dá a padà, ó fi itọ́ ra ìka láti wò bóyá ojú ìwé méjì ló lẹ̀ mọ́ra. Kò sí ohun tó lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ìyàwó gba ojú ìwé mẹ́ta gbáko. Ọ̀rọ̀ ọkọ jẹ́ ìlà méje.

Bẹ́ẹ̀, odidi wákàtí kan ni ọkùnrin náà fi sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tó ń rojọ́. Ó dá Akọ̀wé lójú, torí lórí àga onípákó tí wọ́n fún un ní kóòtù, ìdí tó bá ń ro ó ló fi ń mọ̀ pé wákàtí kan ti pé.

Ọdún mọ́kàndínlógún ló ti ń tẹ ohun tí adájọ́ obìnrin yìí bá kọ. Ní kóòtù wọn, adájọ́ ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀. Ohun tí kò bá sí nínú ìwé yẹn, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́. Ìyá Òṣùwọ̀n làwọn agbẹjọ́rò ń pè é lẹ́yìn, nítorí bó bá fún ẹnìkan ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹnìkejì náà á gba mẹ́wàá, kò ní lé, kò ní dín. Akọ̀wé fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fẹ́ gbé e sípò gíga níbòmíràn tó kọ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ ní orí rẹ̀ ò pé. Ó ní ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹjọ́ ìkọ̀sílẹ̀ ni èyí. Tọkọtaya náà ò jà lórí ìkọ̀sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó ti sú àwọn méjèèjì. Ọmọbìnrin wọn, ọmọ ọdún mẹ́fà, ni wọ́n ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni Adájọ́ yóò sọ ẹni tí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Ìdájọ́ ti wà nílẹ̀, Akọ̀wé sì ti rí i: ọ̀dọ̀ ìyá ni, bàbá á máa wá wò ó lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì.

Ohun tí kò sí nínú ìlà méje yẹn ni ò jẹ́ kó gbádùn. Agbẹjọ́rò ìyàwó ti bi ọkùnrin náà pé kí ló mọ̀ nípa títọ́ ọmọbìnrin. Iṣẹ́ títún aago ṣe ni ọkùnrin náà ń ṣe. Ó ní òun lòun ń dirun fún ọmọ láràárọ̀, torí ìyá rẹ̀ á ti lọ síbi iṣẹ́ kílẹ̀ tó mọ́. Ó ní ṣé ìka tó ń to irin inú aago ni irun máa le fún? Gbogbo kóòtù rẹ́rìn-ín. Ìyàwó pàápàá rẹ́rìn-ín, kó tó rántí pé ẹjọ́ làwọn wá rò.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú rí ni ẹnu ń sọ. Akọ̀wé mìíràn tó sọ fún adájọ́ tirẹ̀ pé ó ṣàṣìṣe ṣì wà ní yàrá ìwé àtijọ́ nísàlẹ̀ ilé, eruku ló ń bá ṣọ̀rẹ́. Oṣù mẹ́ta péré ló sì kù kí Ìyá Òṣùwọ̀n fẹ̀yìn tì. Akọ̀wé dìde láti lọ bu omi mu. Ó bá ọkọ, ìyàwó àti ọmọ wọn lórí bẹ́ńṣì, ọmọ jókòó láàárín, ìpínyà irun rẹ̀ gún bí ẹni pé rúlà ni wọ́n fi fà á. Ó gbàgbé omi. Yàrá Adájọ́ ló gbà lọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, aláago yẹn sọ nǹkan kan nípa irun ọmọ rẹ̀. Mi ò rí i nínú ìwé."

Adájọ́ ní kò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti tẹsẹ̀ bomi, òtútù ò tún yẹ kó lé e padà.

"Ó sọ ọ́, mà. Gbogbo wa la rẹ́rìn-ín."

Adájọ́ gba ìwé náà. Ó fi ìdí kálàmù ka ìlà ọkọ, ó ṣí ojú ìwé ìyàwó wò, ó padà wá ka ìlà ọkọ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ló ní kí Akọ̀wé jókòó. Àga tó nawọ́ sí yẹn, ọdún mọ́kàndínlógún, Akọ̀wé ò jókòó níbẹ̀ rí.

Adájọ́ sọ fún un pé kí aláago tó sọ ohunkóhun, "kí n má parọ́ fún yín" ló fi ń bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọkọ tí òun fúnra òun kọ̀ sílẹ̀ lọ́dún méjìlélógún sẹ́yìn máa ń sọ kó tó parọ́. Bí gbólóhùn yẹn bá ti dún, etí òun á kàn tì. Òun ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ṣì ń tì.

"Wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Èmi gbọ́ tẹnu àwọn méjèèjì, mo ṣì tún rọ́nà ṣìkà."

Àánú rẹ̀ ṣe Akọ̀wé. Ó sáré sọ pé ẹnikẹ́ni ò tíì ráhùn, agbẹjọ́rò aláago pàápàá ò fura. Kí Màmá kàn fi ọ̀rọ̀ irun yẹn kún un, kí wọ́n tún ìdájọ́ náà yẹ̀ wò.

"Èyí tó pa ọ́ lẹ́rìn-ín lo rántí yẹn," ni Adájọ́ wí. "Èyí tí kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín ńkọ́?"

Akọ̀wé dìde kúrò lórí àga náà. Adájọ́ ti ń wọ ẹ̀wù kóòtù rẹ̀.

Ní aago mẹ́wàá, ó sọ ọ́ ní gbangba, kò fi bọpo bọyọ̀. Ó ní nígbà tí bàbá ọmọ ń sọ̀rọ̀, òun ò gbọ́ ọ bó ṣe yẹ kí adájọ́ gbọ́ ènìyàn, ìwé òun sì jẹ́rìí sí i. Ìdájọ́ tí òun ti kọ lè tọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọwọ́ òun ló yẹ kó ti wá. Òun yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Adájọ́ mìíràn yóò gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyàwó, tó tún máa tọrọ àyè níbi iṣẹ́, ìyẹn sì bú sẹ́kún. Agbẹjọ́rò rẹ̀ fò dìde. Ó ní ẹnikẹ́ni ò fẹ̀sùn ojúsàájú kan Adájọ́.

"Ìdí tó fi di dandan kí n sọ ọ́ fúnra mi nìyẹn."

Aláago ń wo ọ̀tún, ó ń wo òsì. Kò mọ bí ọmọ ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun tó.

Nígbà tí ìwé padà dé orí tábìlì rẹ̀, Akọ̀wé rí i pé Adájọ́ ò fi ọ̀rọ̀ kankan kún ìlà méje yẹn. Ìsàlẹ̀ wọn funfun báláú. Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ló kọ ìdí tó fi yọwọ́ sí, ó sì fi èyí parí rẹ̀: "Akọ̀wé mi ló pe àkíyèsí mi sí i. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Akọ̀wé tẹ ìlà méje bó ṣe wà. Nígbà tó kan ìlà tirẹ̀, ó ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí omijé. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, adájọ́ tí kì í ṣì í ló rò pé òun ń bá ṣiṣẹ́. Ẹni téèyàn lè wọlé tọ̀ láti sọ fún pé ó ti ṣì í ni, òun Akọ̀wé ni ò dán an wò rí. Ó fi etí aṣọ nu ojú, ó sì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹta.