Síǹkì Kan Ò Lè Lé Mi Kúrò Nílé

Omi inú síǹkì náà kò lọ, kò bọ̀. Ó kàn dúró síbẹ̀, ó dúdú, ó ń rùn, èèpo àlùbọ́sà kan sì ń léfòó lójú rẹ̀ bí ẹni tó wá sinmi. Ìyá Aránṣọ fọwọ́ lé ìbàdí, ó ń wò ó bó ṣe máa ń wo oníbàárà tó bá ní kí wọ́n tú aṣọ òun rán lẹ́ẹ̀kẹta.

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, ì bá fi í sílẹ̀ di ọ̀la. Àmọ́ Sátidé ni, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì sì ń bọ̀ nírọ̀lẹ́. Ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ló máa ń wá dín ẹran sínú fíríìjì fún ìyá rẹ̀, kí arúgbó má bàa máa dúró pẹ́ nídìí iná. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó rí i pé omi síǹkì ń lọ́ra, ló bá fajú ro.

"Màmá, oúnjẹ lẹ̀ ń dà sínú síǹkì yìí. Ojú yín ò ríran dáadáa mọ́. Tí mo bá padà dé tí kò tíì dáa, ẹ máa kó ẹrù yín wá sọ́dọ̀ wa nìyẹn o."

"Ó dáa," ni ìyá fi dá a lóhùn. Ó rò pé yóò tún ara rẹ̀ ṣe. Síǹkì kò tún ara rẹ̀ ṣe, ńṣe ló dí pátápátá.

Ilé ọmọ náà dára, kò sẹ́ni tó ní kò dára. Ṣùgbọ́n yàrá tí wọ́n fẹ́ fún un kò gba ẹ̀rọ ìránṣọ, àna rẹ̀ sì ti fi ọgbọ́n sọ pé òun kì í fẹ́ ariwo. Bí kò bá ránṣọ, kí ni yóò máa ṣe látàárọ̀ ṣúlẹ̀? Kó káwọ́ gbera máa wo tẹlifíṣọ̀n bí àlejò? Ó ní síǹkì kan kò tó bẹ́ẹ̀.

Ó gbé omi kaná, ó po ọṣẹ mọ́ ọn, ó dà á sí i. Síǹkì kún sí i. Ó mú ìkọ́ aṣọ onírin kan, ó na án gbọọrọ, ó tì í bọ ihò. Ó wọlé díẹ̀, ó kọ́ nǹkan níbẹ̀, ni kò bá lọ mọ́, kò sì bọ̀ mọ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, líle ló ń le sí i. Inú bí i débi pé ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá síǹkì sọ̀rọ̀.

"Ìwọ yìí, ta ló rán ọ sí mi gan-an?"

Nígbà tó fi agbára fa irin náà yọ tán, ó gba ẹ̀yìn ilé lọ bá káfíńtà tí wọ́n jọ pààlà, ó ní kó yá òun ní sípánà ńlá kan.

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, Ìyá Aránṣọ?"

"Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ni mo fẹ́ fi tún ṣe."

"Sípánà tó tóbi tó báyìí?"

"Ẹ̀rọ mi tóbi."

"Ẹ jẹ́ kí n wá bá yín ṣe é, Màmá."

"Rárá, o ṣeun."

Kì í ṣe pé ènìyàn burúkú ni káfíńtà. Ilẹ̀kùn ló ń kàn jẹun, àmọ́ ẹnu tirẹ̀ kò ní ilẹ̀kùn. Òun ló pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù nígbà tí gílóòbù ilé ìwẹ̀ jó, kí ìyá tó rí àga gùn.

Ó padà wọlé, ó kúnlẹ̀ síwájú kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì, orúnkún rẹ̀ sì dún. Ó gbé garawa sábẹ́ ibi tí páìpù ti tẹ̀ kọdọrọ, ó fi sípánà mú ìdè rẹ̀, ó ń yí i. Ó yí i títí apá fi ń ro ó, kó tó mọ̀ pé ṣe lòun ń dè é le sí i. Ó bú ara rẹ̀, ó yí i sí òdì kejì. Ìdè tú, páìpù bọ́, gbogbo omi dúdú náà sì ya sínú garawa, kò dà sílẹ̀ rárá. Inú rẹ̀ dùn. Ó dìde, ó gbé garawa náà, ó sì dà á sínú síǹkì.

Àṣà ọwọ́ ni. Ojú ẹsẹ̀ ni omi gba ihò tí kò ní páìpù mọ́, ó bọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó wọ inú bàtà rẹ̀, ó sì ṣàn lọ bá ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rí i, síbẹ̀ ó bojú wo fèrèsé.

Ìyá Aránṣọ jókòó sórí ilẹ̀ tútù náà, ó sì sunkún. Ó bínú sí ọmọ, ó bínú sí ọkọ rẹ̀ tó kú tó fi páìpù sílẹ̀ fún un. Èyí tó dùn ún jù ni pé ó lè jẹ́ òótọ́ lọmọ sọ: bóyá ó ti ń da oúnjẹ síbẹ̀ lóòótọ́ tí kò mọ̀. Lẹ́yìn náà ó nu imú. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Ó gbé páìpù kọdọrọ náà lé itan, ó fi irin ìkọ́ aṣọ tú inú rẹ̀.

Ohun tó bọ́ jáde funfun, ó le, ó sì tóbi tó ẹyin. Ó gé e sí méjì, ó ń wá ìrẹsì, ó ń wá ẹ̀wà. Kò sí ìkankan níbẹ̀. Ó gbé e sí imú. Ọ̀rá ni, ọ̀rá ẹran dídín látòkè délẹ̀.

Òun kì í sì í dín nǹkan. Láti ìgbà tí ọmọ ti gba iṣẹ́ ẹran dídín lọ́wọ́ rẹ̀, bíbọ̀ nìkan ló ń bọ nǹkan jẹ. Nígbà tó ṣì ń dín in, inú agolo ló máa ń da òróró sí títí yóò fi dì. Kòkòrò tó ń jobì, inú obì ló wà. Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú ṣì ń bí i. Ó wé ọ̀rá náà sínú bébà tó fi ń gé àwòṣe aṣọ, ó dá páìpù padà, ó nu ilẹ̀, ó sì pààrọ̀ bàtà.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì dé, síǹkì ló kọ́kọ́ lọ bá. Ó ṣí ẹ̀rọ omi, omi sì lọ wọ̀ọ̀.

"Ta ló bá yín ṣe é?"

"Èmi ni."

Ọmọ náà wo abẹ́ síǹkì, ó wo ìyá rẹ̀. Ó gbé páànù kaná, ó dín ẹran. Nígbà tó parí, ó gbé páànù tòun ti òróró gbígbóná, ó kọrí sí síǹkì.

"Dúró," ni ìyá rẹ̀ wí. Ó tú bébà náà sórí tábìlì. "Ohun tó dí i nìyí. Gbóòórùn rẹ̀."

Nọ́ọ̀sì gbé imú sún mọ́ ọn, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó gbójú sókè, páànù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì dúró bó ṣe máa ń dúró nígbà tó wà lọ́mọdé tó bá fọ́ nǹkan.

"Màmá," ó ní, "níbo lẹ ní kí n dà á sí?"

"Agolo wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ mi. Lọ mú un wá."