Ìwọ́ Zikrullah Tó Kọ̀ Tí Kò Já

Ẹ wo ìwọ́ olóríkunkun! Ọmọ ojúlé kejì tí wọ́n bí lọ́jọ́ kan náà, ìwọ́ tiẹ̀ ti já, wọ́n ti gbàgbé ẹ̀. Ti Zikrullah, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, ṣì lẹ̀ mọ́ ìdodo bí ayálégbé tí wọ́n ní kó kó jáde, tó kọ̀. Ẹ̀rù ba Mubarakah ìyá rẹ̀ débi pé iyọ̀ ló ń dà sínú tíì. Ló bá gbọ̀nà Ẹ̀gbẹ́dá lọ bá Dókítà Tòún.

"Ìyá Zikrullah," dókítà ní, "àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń já ìwọ́. Bí ẹni tí àgbàrá ń gbé lọ ni wọ́n rí: tí wọn ò bá rí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà dì mú, àgbàrá á gbé wọn kọjá ibi iṣẹ́. Èròjà ara kan tó ń jẹ́ púrọ́tíìnì ni ọwọ́ tí wọ́n fi ń di ẹ̀gbẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ mú. Wọ́n ń bí ọmọ mìíràn láìní in, egbò kékeré sì lè pa irú wọn. Ẹ jẹ́ ká yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò."

Mubarakah na ọwọ́ ọmọ síwájú kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ tí èsì dé, òun, Múdàṣírù ọkọ rẹ̀, àti Ìyá Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá ọkọ tó wá wẹ ọmọ fún un, jọ há sórí bẹ́ǹṣì kan.

"Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun rẹ̀ pé pérépéré!" ni dókítà wí. "Ara ọmọ yín dá ṣáṣá. Kí lẹ wá ń fi sí ìwọ́ yìí? Ṣebí lọ́jọ́ tí ẹ bí i ni mo ti ní ẹ má fi nǹkan kan sí i?"

Mubarakah dorí kodò. "Spírítì ni, mà. Láàárọ̀ nìkan ṣá."

"Háà! Èmi náà ń fi sí i tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán," Ìyá ní. "Mo rò pé ìwọ ò fi sí i ni jàre."

Múdàṣírù ń wo àjà. "Èmi... tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù dé."

"Abájọ!" Mubarakah kígbe. "Mo rò pé atẹ́gùn ló ń mu spírítì yẹn tán!"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Spírítì yín ló dá a dúró! Ó ń pa kòkòrò àìfojúrí tó yẹ kó pe àwọn ọmọ ogun wá síbẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, a kì í fi já ìwọ́. Ẹ fi sílẹ̀!"

Nígbà tí wọ́n délé, Múdàṣírù da ìgò náà nù, wọ́n sì ń ṣọ́ ara wọn bí ẹni ń ṣọ́ olè. Ọ̀sẹ̀ ò tíì parí tí ìwọ́ fi já sọ́wọ́ Ìyá níbi tó ti ń wẹ ọmọ. Mubarakah fò sókè, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Alhamdulilahi! Ọmọ mi ò ní kú!"

Ìyá fi aṣọ funfun wé ìwọ́ náà, ó ní ó di ilé ní Ògbómọ̀ṣọ́ kí wọ́n tó sin ín. Ó wá tẹjú mọ́ ìdodo ọmọ. "Ẹ ò wá bá mi wá spírítì díẹ̀, kí n fi nu ojú ibẹ̀? Díẹ̀ báyìí ṣá."

"Ìyá!" tọkọtaya pariwo pọ̀.

Zikrullah ta gìrì, ó di ìka ìyá àgbà mú gírígírí, kò sì fi í sílẹ̀.