Ọjọ́ Tí Wọ́n Tú Ojú Màámi

Láti àárọ̀ ni ara Muminat ò ti balẹ̀. Ọjọ́ náà ni wọ́n máa tú báńdéèjì ojú ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kò sì tíì sẹ́ni tó pè é. Daud ọkọ rẹ̀ ló ní kàkà kó máa rìn káàkiri ilé, kí àwọn lọ wo àwọn ẹranko inú àbàtà tó wà lẹ́yìn Joliet, ìlú tí wọ́n ń gbé ní Amẹ́ríkà.

Abẹ̀bẹ̀ ràgàjì kan ló ń ti ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n wọ̀ láti ẹ̀yìn, ariwo rẹ̀ ń dini létí. Atọ́nà ń nàka sí àwọn ìjàpá tó ń yáàrùn lórí igi, fóònù ni Muminat ń wò.

"Gbójú sókè, jàre," Daud pariwo. "Off kan ṣoṣo tá a jọ ní lẹ́nu iṣẹ́ nìyí!"

"Tí Màámi ò bá wá ríran ńkọ́?"

Bí atọ́nà ṣe pa ẹ́ńjìnnì báyìí, fóònù dún. Ojú ìyá rẹ̀ ló yọ, kò sí báńdéèjì níbẹ̀ mọ́.

"Màámi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ṣé ẹ ń rí mi?"

Ìyá tẹjú mọ́ fóònù.

"Kí ló funfun lẹ́yìn ẹ yẹn?" ìyá béèrè. "Àbí lékèélékèé ni?"

Muminat bojú wẹ̀yìn. Ẹyẹ funfun kan dúró nínú koríko lóòótọ́, òun fúnra rẹ̀ ò tíì rí i.

"Òun ni, Màámi!"

"Alihamudulilahi. Ṣùgbọ́n o ti rù jù. Ṣé Daud ò fún ẹ lóúnjẹ ni?"

Daud bú sẹ́rìn-ín. Muminat fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló jáde. Ó fò dìde láti yí fóònù sí ẹyẹ náà, ọkọ̀ mì, atọ́nà kígbe pé kó jókòó. Kò gbọ́.