Gíláàsì Lára Ògiri Àǹtí Hàwáwù

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi kọ́ àwa méjìlá, ní gbọ̀ngán kan ní Láfíàjì, bí a ṣe lè mọ ilé tó fẹ́ wó. Olùkọ́ wa, Miss Joanna, fi gíláàsì pẹlẹbẹ kan hàn wá, kò gùn ju ìka lọ. Ó ní, ẹ gbé e dábùú ibi tí ògiri ti lanu, ẹ fi sìmẹ́ńtì di orí rẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ déètì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Gíláàsì kì í nà. Bí ògiri bá ṣí kúrò ní àyè rẹ̀, kódà kó jẹ́ ìwọ̀n irun orí kan, gíláàsì á kán. Ó dùn mọ́ mi: àfọ́kù wíńdò lásán, ó ń sọ ohun tí ojú kò rí.

Ilé ẹbí wa ní Ẹnu Ọ̀wá ni mo kọ́kọ́ lọ, torí Àǹtí Hàwáwù, àbúrò bàbá mi, tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀. Gíláàsì mẹ́ta ni mo lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá náà níta. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹsàn-án, méjì ti kán. Mo fi àmì pupa, tó jẹ́ ti ewu tó ga jù, sí ilé náà lórí máàpù inú fóònù mi, mo fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì tó kọ́ wa. Ọ́fíìsì ní àwọn ti rí i, kí n máa wò ó lọ.

"Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ sílé mi."

"Ní Ìkòròdú? Lùkúmọ̀n, tí mo bá kúrò ní yàrá yìí lónìí, ọmọ Ṣàíbù á ti tẹ́ ẹní síbẹ̀ lọ́la. Ta ló ń kúrò nílé ẹbí tó tún rí yàrá rẹ̀ gbà padà?"

"Tó bá wó ńkọ́?"

"Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń sọ pé ó máa wó. Ìwọ lo máa kọ́kọ́ wó, wo bí o ṣe rù!"

Mo lọ bá Alhaji Ṣàíbù, olórí ẹbí. Ó fọwọ́ kan gíláàsì tó kán náà, ó mi orí. "O ṣeun, ọmọ wa. A máa tún un ṣe."

Ó sì mú un ṣẹ. Ọdọọdún ni wọ́n ń kun ilé náà kí Iléyá tó dé. Nígbà tí mo padà lọ, tí ọdún ku ọjọ́ mẹ́ta, ògiri ti funfun láti òkè délẹ̀. Wọ́n ti rẹ́ sìmẹ́ńtì bo gbogbo ibi tó lanu, bo gíláàsì, bo déètì tí mo kọ.

"O rí i?" Àǹtí ní. "Ilé ti di tuntun."

Mo fọwọ́ pa ògiri náà. Birikilà tó rẹ́ ẹ mọṣẹ́ gan-an. Kò síbi tí mo lè nawọ́ sí.

Mo yọ gíláàsì kan lápò, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí mo rántí. Àǹtí bá mi jà pé mo ba ọ̀dà wọn jẹ́, lẹ́yìn náà ló bu ẹ̀kọ gbígbóná fún mi.

Láàárọ̀ ọdún, mo yà síbẹ̀ kí n tó lọ sí Yídì. Gíláàsì náà ti kán. Mo ṣí máàpù. Àmì ilé náà ti pupa tẹ́lẹ̀, kò sì sí àwọ̀ kankan tó ju pupa lọ.

Àǹtí jáde nínú léèsì tuntun. "Ṣé ó yẹ mí?"

"Ó yẹ yín, Àǹtí."

Mo wọlé, mo fa bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, mo fà á títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dí ẹnu ọ̀nà. Ibi tí ọwọ́ mi ká a dé nìyẹn.