Àwo Tí Kì í Pariwo

Àwo sílíkónì pẹlẹbẹ, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ni iṣẹ́ wa. Bí ohun tín-ín-tín-ín tí ojú kò lè rí bá gba inú rẹ̀ kọjá, àwo yóò ta kọ̀ǹpútà lólobó. Ṣùgbọ́n kò sí àwo tí kì í pariwo díẹ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn ni pé yóò máa ta kọ̀ǹpútà lólobó nígbà tí nǹkan kan ò kọjá, nítorí náà a ó kọ́kọ́ wọn ariwo yẹn, kí a má baà kà á mọ́ òótọ́. Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo fi wọn tèmi, láti ìlà dé ìlà.

Ọ̀gá wa kórìíra ariwo. Ó ti lé ẹnì kan níṣẹ́ rí torí pé ó ń fi imú kọrin. Ó ní ẹni tí àwo rẹ̀ bá dákẹ́ jù ni yóò kù sẹ́nu iṣẹ́. Àwọn yòókù yóò lọ sílé lọ́jọ́ Ẹtì. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà dénú.

Lọ́jọ́bọ̀, ó wo ìwé èsì tèmi: ariwo díẹ̀, bó ṣe yẹ kó rí. Ó yínmú. Ó bọ́ sórí ti ẹlẹgbẹ́ mi tí à ń pè ní Jẹ́jẹ́. Òdo ni látòkè délẹ̀.

“Ẹ wo iṣẹ́ ọmọlúàbí.”

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo wo abẹ́ tábìlì. Wáyà àwo Jẹ́jẹ́ wà nílẹ̀ gbalaja.

“Sà, wọn ò tiẹ̀ ki wáyà yìí bọ ẹ̀rọ.”

“Òótọ́ ni, sà,” ni Jẹ́jẹ́ wí. “Mo gbàgbé ni.”

“Ẹ gbọ́ ọ, kò tiẹ̀ gbéraga,” ni ọ̀gá wí.

Mo gbé òkúta kékeré tó ń tú ìtànṣán, èyí tí a fi ń dán àwo wò, sórí àwo méjèèjì. Tèmi ka ẹgbẹ̀ta láàárín ìṣẹ́jú kan. Ti Jẹ́jẹ́ ò ka ẹyọ kan.

Ọ̀gá wa mi orí. “Ẹ ò rí i? Wọ́n fín in níràn, kò fèsì. Tìẹ ńkọ́? Wọ́n kàn fọwọ́ kàn án, ó figbe bọnu.”

Òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó ọwọ́ ni wọ́n ń ra èké. Mo gba kámú.

Lọ́jọ́ Ẹtì, mo ti ń kó ẹrù mi nígbà tí ọ̀gá ránṣẹ́ pè mí. Ìtìjú ti mú Jẹ́jẹ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀. Ogún àwo ló kù tí yóò wọ inú ẹ̀rọ ńlá tí a ń ṣe wọ́n fún, ọ̀gá sì fẹ́ kí gbogbo wọn dákẹ́ bíi ti Jẹ́jẹ́ kó tó di ọjọ́ Ajé.

“Ìwọ nìkan ló kù tó mọ ibi tí wáyà wà,” ni ó wí. “Ọdún méjì la ó fi kún àsìkò iṣẹ́ rẹ.”

Mo dúpẹ́. Mo kórìíra ara mi bí mo ṣe ń dúpẹ́ yẹn. Mo padà sídìí tábìlì, mo sì fi tèmi ṣe àkọ́kọ́ tí mo yọ wáyà rẹ̀.