Ibojì Ẹ̀yìn Ilé

"Ẹ gbẹ́ ẹ kó sún mọ́ ibojì bàbá rẹ̀ sí i," ni Mùsílímátù ń wí fún àwọn ọkùnrin méjì tó ń gbẹ́ ibojì lẹ́yìn ilé rẹ̀ ní Ìrókò. Wọ́n sún síwájú. Wọn kò wo ojú rẹ̀.

Ẹni tí omi bá pa, etí omi náà ni wọ́n ń sin ín sí. Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú agbo ilé? Àwọn méjèèjì ti rán an létí. Ó ní ti odò nìyẹn, pé àwọn baba tó dá àṣà sílẹ̀ kò rí òkun rí, kí ni wọ́n fẹ́ mọ̀ nípa rẹ̀? Alágídí ni látilẹ̀, ìbànújẹ́ sì ti wá fi kún un. Ṣítù tí òkun pa yìí nìkan ni ọmọ tó bí.

Ọdún tó ṣáájú òmìnira ni Ṣítù bá ọ̀gá télọ̀ kan lọ sí Àgbádárìgì. Bó bá wálé Iléyá, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi: ọ̀sà tó tẹ́ lọ rẹrẹ, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń sọdá sí etí òkun, igbó àgbọn, ẹja tó ṣì ń mí nínú agbọ̀n. "Ìyá, ẹ wá wò ó." Ìyá á ní irọ́ pọ̀ níbẹ̀, pé ilé làbọ̀ sinmi oko.

Kòtò ti jìn dé ìbàdí nígbà tí Jùbrílù, àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n rán lọ gbé òkú wá, bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ Móníyà. Òun nìkan ni. Ó wo kòtò náà títí.

"Ìyá Ṣítù, wọ́n ti sin ín kí n tó débẹ̀. Etí òkun ni. Wọ́n kírun sí i lára dáadáa."

Mùsílímátù kò sunkún. Àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀ lọ gé ìtí ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n tẹ́ ẹ sínú kòtò, nítorí ibojì tó bá ṣófo, ẹlòmíràn ni yóò pè. Wọ́n sin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ rẹ̀ lójú rẹ̀.

"Ibẹ̀ ńkọ́?" ló bi Jùbrílù. "Ẹ jọ̀ọ́, báwo ló ṣe rí?"

Jùbrílù ṣí fìlà. Kò mọ èwo ni yóò tù ú nínú, ó bá sọ òótọ́.

"Ó dára. Ó dára ju bí Ṣítù ṣe ń wí lọ."

Mùsílímátù ti ń retí pé Jùbrílù yóò ní ẹrẹ̀ àti ààtàn ni gbogbo rẹ̀, kí òun lè rí nǹkan bú. Ọmọ náà kò purọ́. Ọdọọdún ló ń bẹ̀ ẹ́. Lónìí ó wù ú láti lọ, kò sì sí ẹni tí yóò pàdé rẹ̀ ní èbúté.